Ọmọ Ilé Tàbí Ìyàwó Ilé? Ohun Tí Adelé Èkìtì Fi Yé Wa Nínú Àríyànjiyàn Lórí Akọ àti Abo



Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ ní Ìjurin-Èkìtì tí ó mú wa gbé kálàmù. Níbi ìpàdé ìkẹ́kọ̀ọ́ Ifá tí a ṣe níbẹ̀, ọ̀dọ́mọbìnrin kan dìde, ọmọ babaláwo ni, ó sì ki Ìwòrì Méjì títí àwọn àgbà fi dákẹ́ gbọ́ ọ. Kò ṣi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Nígbà tí ó kí i tán, akọ̀wé ṣí ìwé ìforúkọsílẹ̀ kí ó lè kọ orúkọ rẹ̀. Ìlà méjì ló wà nínú ìwé náà: ọ̀kan fún àwọn ọmọ awo, ìkejì fún àwọn apẹ̀tẹ̀bí. Akọ̀wé gbójú sókè, ó bi wá pé èwo ni kí òun kọ ọ́ sí. Ni ariwo bá sọ. Bàbá àgbà kan ní kí wọ́n kọ ọ́ sí apẹ̀tẹ̀bí kí ọ̀rọ̀ tán. Ṣebí obìnrin ni, kí ló tún kù? Ọ̀dọ́kùnrin kan tí ó ti yunifásítì dé fa ìwé kan yọ nínú àpò, ó ní Yorùbá kò fi ti ọkùnrin tàbí obìnrin ṣe rárá kí Òyìnbó tó dé, pé ìlà méjèèjì tó wà nínú ìwé akọ̀wé gan-an, iṣẹ́ Òyìnbó ni. Bàbá fi Ifá ṣe ẹlẹ́rìí. Ọ̀dọ́kùnrin náà fi Ifá kan náà ṣe ẹlẹ́rìí. A tú ká láìrí ojú ọ̀rọ̀.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ yẹ ìwé tí ọ̀dọ́kùnrin náà mú lọ́wọ́ wò, pẹ̀lú àwọn tí ó ta kò ó, kí a sì fi ohun tí ojú wa rí ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì níbí wọ̀n wọ́n. Ìwé náà ni *The Invention of Women*, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí kọ, tí ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Minnesota sì gbé jáde ní 1997. Kì í ṣe ìwé tí a lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ẹ̀ka kan nínú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà fún un ní ẹ̀bùn ìwé tó tayọ ní 1998, títí di òní olónìí kò sì sí ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ nípa akọ àti abo ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò ní í kọjá níwájú rẹ̀, ì báà fẹ́, ì báà kọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ jẹ́ńdà fún ẹni tí kò tíì bá a pàdé. Àwọn Òyìnbó ti ń bá ara wọn jà lórí rẹ̀ tipẹ́. Ní 1949, Simone de Beauvoir, ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ ọ́ pé àwùjọ ló ń sọ ènìyàn di obìnrin, pé ara tí a bí mọ́ni nìkan kò tó. Ní 1955, John Money tó ń ṣiṣẹ́ ìwádìí ní Amẹ́ríkà ya ara sọ́tọ̀ kúrò lára ipò àti ìṣe tí àwùjọ ń retí lọ́wọ́ ẹni tó ní ara bẹ́ẹ̀. Èyí tó jẹ́ ti ipò àti ìṣe yìí ni wọ́n wá ń pè ní jẹ́ńdà. Nígbà tó di 1990, Judith Butler tún sọ pé ara tí a ń pè ní ara lásán náà, ojú àwùjọ la fi ń wò ó. Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n dúró lórí pé ara ni gbogbo rẹ̀, pé ìyókù àròyé ni. Ìjà wọn ni. Ibi tí ó ti kan àwa ni pé wọ́n kó ìjà náà wá sórí ọpọ́n Ifá, wọ́n ní kí Ifá wá dá a.

Oyěwùmí ní tirẹ̀ sọ pé ìjà náà kò yẹ kí ó dé ọ̀dọ̀ wa rárá. Ó ní nínú èdè àti ìgbé ayé àwọn Ọ̀yọ́, ọkùnrin àti obìnrin kàn ń sọ irú ara tí ènìyàn ní ni, fún ìbímọ. Wọn kò sọ ipò, wọn kò sọ agbára, wọn kò sọ iṣẹ́. Ohun tó ń sọ ipò ni àgbà: ta ló kọ́kọ́ dé? Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni Yorùbá ń sọ, kò sí ọ̀rọ̀ kan tó ya àbúrò ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára àbúrò obìnrin bí kò ṣe pé a bá fi kún un. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe sọ nípa ọkọ àti ìyàwó. Ó ní ọmọ tí a bí sínú ilé ni ọkọ, akọ ni o, abo ni o. Ẹni tí a fẹ́ wọlé wá ni ìyàwó.

Ẹnikẹ́ni tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú agboolé, ní Ìjerò ni, ní Aràmọkọ ni, ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè ni, mọ̀ pé òtítọ́ nìyí. Ìyàwó tí a gbé wọlé lánàá kò gbọdọ̀ pe ọmọ ọdún méje tó bá nínú ilé ní orúkọ. Yóò wá orúkọ mìíràn sọ ọ́, yóò sì máa pe ọmọdébìnrin náà ní ọkọ òun. Kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Ọmọdébìnrin yìí kan náà, bí ó bá dàgbà tí ó relé ọkọ, di ìyàwó lọ́hùn-ún. Bí ó bá padà wá sílé nígbà ìnáwó, ọkọ náà ni ó tún jẹ́ fún àwọn ìyàwó ilé. Ara kan náà ni ó gbé lọ, òun ni ó gbé bọ̀. Ibi tí ó dúró ló yí padà.

Oyěwùmí kò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ ààfin lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́ ni, Ọba Oyèwùmí Ajagungbádé Kẹta, tó jọba láti 1973 títí di 2021. Ó bi Samuel Johnson léèrè, ẹni tí ó parí ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897 tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní 1921, pé báwo ló ṣe mọ̀ pé ọkùnrin ni gbogbo Aláàfin tó kà sílẹ̀, nígbà tí orúkọ wọn àti ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ wa kò sọ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè gidi ni. Johnson kan náà ló sì fi ohun kan sílẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ gbójú fò dá: ó ní Ìyámọdẹ, obìnrin tó ń tọ́jú ibi tí àwọn Aláàfin tó ti wàjà wà ní Bàrà, Aláàfin a máa kúnlẹ̀ kí i, a sì máa pè é ní Bàbá. Aláàfin tí kì í kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni! Ẹ gbọ́ ná, ta ló fẹ́ sọ fún wa pé ara Ìyámọdẹ ló ń jẹ́ bàbá níbẹ̀?

Ní 2016, ó tẹ̀ síwájú nínú *What Gender Is Motherhood?*, ó wá kọjú sí Ifá gan-an. Ó ní àwọn tó ń kọ nípa Ifá, dúdú àti funfun, ti mú ọkùnrin wọ inú ẹsẹ̀ Ifá nípa ìtumọ̀. Lórí kókó yìí a bá a lọ tààrà, nítorí ojú wa ló ń ṣẹlẹ̀. Àwa ará ìhín la lè sọ̀rọ̀ nípa Ìwòrì Méjì ju ọ̀pọ̀ lọ, nítorí Alárá àti Ajerò wà lára àwọn ọmọ mẹ́jọ tí Ifá ní Ọ̀rúnmìlà bí. Ọmọ ni Ifá pè wọ́n. Ó ni Ifá ń lò fún olúkúlùkù wọn, ó tí kò sọ akọ tí kò sọ abo. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ìwé Gẹ̀ẹ́sì tó ń lọ káàkiri: ọmọ ti di ọmọkùnrin, ó ti di ọkùnrin. Láti 2008 tí UNESCO ti kọ Ifá sínú àkójọ ohun àjogúnbá gbogbo àgbáyé, àwọn tó ń ka Ifá ní Gẹ̀ẹ́sì ń pọ̀ sí i, àwọn ọmọ wa náà sì wà lára wọn. Ọmọdé tí kò gbọ́ ẹsẹ̀ náà lẹ́nu bàbá rẹ̀ rí, tó kà á nínú ìwé, á gbà pé Ifá fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́.

Síbẹ̀, a ní ẹjọ́ pẹ̀lú Oyěwùmí. Ó tí kò sọ akọ, kò sọ abo náà. Bí èdè bá dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe ẹlẹ́rìí fún ẹnì kankan. A kò lè torí pé Ifá kò sọ pé ọkùnrin ni Ajerò kí a wá máa ṣe bí ẹni pé Ifá sọ pé ó lè jẹ́ obìnrin. Ibi tí ó ti gé ọkùnrin àti obìnrin sí wẹ́wẹ́, tí ó mú *rin* tó gbẹ̀yìn wọn gẹ́gẹ́ bí àmì pé ènìyàn kan náà ni wọ́n, kò wọ̀ wá létí. Bí a bá ń gé ọ̀rọ̀ báyìí, kò sí ohun tí a kò ní í rí nínú rẹ̀. Ó sì sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé Ọ̀yọ́ ni òun ń sọ. Àwọn tó ń ka ìwé rẹ̀ ló sọ ọ́ di gbogbo Yorùbá, ọ̀dọ́kùnrin wa pẹ̀lú.

Àwọn tó ta kò ó pọ̀. Bibi Bakare-Yusuf sọ pé ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú èdè kò túmọ̀ sí pé ohun náà kò sí nínú ayé. Pé àgbà nìkan kọ́ ni agbára ń gbà wọlé, pé agbára a máa fara pamọ́ sẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀. A gbà á pé ó rí i dáadáa, ìyàwó ilé tí wọ́n ń pè ní ìyá tí kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé ìdílé lè jẹ́rìí. J. D. Y. Peel lọ sínú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ tí àwọn ajíhìnrere CMS kọ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó sì kọ ní 2002 pé obìnrin ló pọ̀ jù nídìí àwọn òrìṣà nínú ìwé wọ̀nyẹn, pé ọkùnrin ló sì wà nídìí Ifá. Ẹ̀rí gidi ni, ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé àwọn ajíhìnrere kọ ohun tí wọ́n bá pàdé lójú títì àti lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tí obìnrin ilé babaláwo mọ̀ nínú yàrá, ta ló máa sọ fún wọn?

Èyí tó le jù nínú wọn ni J. Lorand Matory, tí ìwé rẹ̀ ti jáde ní 1994, ọdún mẹ́ta ṣáájú ti Oyěwùmí. Ìgbòho ló ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ó wo ẹlẹ́gùn-ún Ṣàngó: ọkùnrin ni, ó dirun bí obìnrin, ó ń wọ aṣọ obìnrin, ìyàwó òrìṣà sì ni wọ́n ń pè é. Matory ní èyí fi hàn pé jẹ́ńdà wà, nítorí ọ̀rọ̀ ìyàwó kò ní í ní agbára lórí ẹlẹ́gùn-ún bí kò bá jẹ́ pé a mọ ohun tí obìnrin jẹ́ nínú ilé ọkọ. Oyěwùmí ní rárá o, pé ìyàwó òrìṣà fi hàn pé ìyàwó kì í ṣe obìnrin rárá, ẹni tó wá láti ìta ni. Ọ̀rọ̀ kan náà, ẹ̀rí kan náà, ìdájọ́ méjì. Ó jọ ìjà àwọn ará ilé wa ní Ìjurin gan-an ni.

Ní tiwa, a rò pé àwọn méjèèjì ì bá wá sí Èkìtì.

Bí ọba bá wàjà ní ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì, àti ní Àkúrẹ́ tó múlé tì wá, ọmọbìnrin ọba tó lọ ni wọ́n ń fi jẹ adelé. Láti ọjọ́ tó bá ti gorí àga, ó kúrò nínú ìró àti gèlè. Ṣòkòtò, bùbá àti agbádá ló ń wọ̀, fìlà tàbí ìlẹ̀kẹ̀ ọba sì wà lórí rẹ̀. Àwọn ìjòyè tó bí bàbá rẹ̀ á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wọ́n á ní Kábíyèsí. Ó ń dájọ́. Ó ń bá ìjọba sọ̀rọ̀ lórúkọ ìlú, ó ń jókòó pẹ̀lú àwọn ọba. Bí ó bá lọ́kọ, kì í gbé ilé ọkọ ṣe ìyàwó ní gbogbo àkókò náà. Ní Àkúrẹ́, Ọmọba Adétútù Adéṣidà-Òjéi wà lórí àga báyìí láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti wàjà ní 2013 títí di 2015 tí Déjì tuntun fi jẹ. Gbogbo ayé rí i nínú ìwé ìròyìn pẹ̀lú agbádá àti fìlà rẹ̀. Ní abúlé àti ìlú kéékèèké tó yí wa ká níbí, ohun tí a ti ń rí láti kékeré ni, a kì í tilẹ̀ yíjú wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹni tó bá tẹ̀ lé Oyěwùmí á pariwo ayọ̀: ẹ ò rí i? Ipò ló sọ ọ́ di Kábíyèsí, ara rẹ̀ kò dí i lọ́wọ́! Ó tọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí ara kò bá já mọ́ nǹkan kan, kí ló dé tí ó fi ní láti bọ́ gèlè? Kí ló dé tí kò fi ìró rẹ̀ jókòó sórí àga? Aṣọ tí a pààrọ̀ yẹn ń sọ fún wa pé Èkìtì rí ìyàtọ̀ náà kedere, pé aṣọ àti àga yìí ti ọkùnrin ni wọ́n kà á sí, àti pé ẹni tó ní ara obìnrin lè rékọjá sínú rẹ̀ bí ìlú bá mú un rékọjá. Ìdà kejì ẹlẹ́gùn-ún Ṣàngó nìyí. Matory náà á wá dìde, á ní òun wí bẹ́ẹ̀.

Ẹ dúró ná. Ọ̀rọ̀ kò tíì dé ìdí. Ẹ bi àwọn àgbà Èkìtì pé èéṣe tó fi jẹ́ ọmọbìnrin ni wọ́n ń fi jẹ adelé, ìdáhùn tí ẹ ó gbọ́ láti ìlú dé ìlú kò yàtọ̀ púpọ̀: bí a bá fi ọmọkùnrin síbẹ̀, kò ní í dìde mọ́. Ọmọkùnrin ọba lè du oyè. Ọmọbìnrin, wọ́n ní kò lè dù ú, nítorí náà yóò gbé àga sílẹ̀ fún ẹni tó tọ́ sí. Adelé kì í wọ ìpèbí. Ó ń ṣọ́ ilé ni, orúkọ oyè rẹ̀ sì ti sọ ọ́. Àbí ẹ rí i? Oyè tó fi agbádá wọ̀ ọ́, tó sọ ọ́ di ẹni tí ọkùnrin ń dọ̀bálẹ̀ fún, ìdí tí wọ́n fi mú un sí oyè náà ni pé obìnrin ni. Ara rẹ̀ ni wọ́n fi yàn án, ara kan náà ni wọ́n wá fi aṣọ bò. Oyěwùmí kò lè ṣàlàyé ìdajì àkọ́kọ́. Àwọn tó ní ara ni gbogbo rẹ̀ kò sì lè ṣàlàyé ìkejì.

Ohun kẹta kan tún wà nínú rẹ̀ tí àwọn olùwádìí kì í sábà kà sí. Kì í ṣe obìnrin kankan ṣáá ni wọ́n ń mú. Olorì kì í jẹ adelé, bó ti wù kí ó gbọ́n tó, bó ti wù kí ó pẹ́ láàfin tó. Ọmọ ni wọ́n ń wá, ọmọ tí a bí sínú ilé. Obìnrin ni olorì, obìnrin ni ọmọ ọba. Ara kan náà ni wọ́n ní, ipò wọn kò pàdé. Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan bá ní obìnrin kò lè ṣe nǹkan báyìí ní Èkìtì, ìbéèrè tó yẹ kí a kọ́kọ́ bi í ni pé: obìnrin wo? Ọmọ ilé ni, tàbí ìyàwó ilé?

Ojú kan náà la lè fi wo ọmọ tuntun. Bí a bá bímọ, ọ̀pọ̀ awo á tẹ Ifá ẹsẹ̀ntáyé ní ọjọ́ kẹta. Ifá kò bèèrè ohun tó wà lábẹ́ aṣọ ọmọ náà kí ó tó sọ ẹsẹ̀ tó gbé wá sáyé. Ọpọ́n kan náà ni, ikin kan náà ni, akọ ni o, abo ni o. Ṣùgbọ́n tó bá di ìkómọjáde, àwọn bàbá wa a máa sọ ọmọkùnrin lórúkọ ní ọjọ́ kẹsàn-án, ọmọbìnrin ní ọjọ́ keje, ìbejì ní ọjọ́ kẹjọ. Johnson kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ tó gbé ìwọ́ kọ́rùn wá sáyé, bí ó bá jẹ́ akọ, Òjó ni. Bí ó bá jẹ́ abo, Àìná ni. Oríkì tí ìyá fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún náà pín sọ́tọ̀: kò sí ọkùnrin tó ń jẹ́ Àbẹ̀kẹ́, kò sí obìnrin tó ń jẹ́ Àjàní. Ẹni tó bá ní Yorùbá kò ka ara sí rárá, kí ó lọ pe ọmọkùnrin ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ní Àṣàkẹ́ kí ó wo ohun tí ojú rẹ̀ máa rí. Nítorí náà, Yorùbá ń rí ara, ó sì ń sọ ọ́ lórúkọ. Ohun tí a ń sọ ni pé ibi tó bá wù ú ni ó ti ń lò ó, ibi tí kò bá sì wù ú, ó ń fi í sílẹ̀. Ìlù dùndún tó tóbi jù ńkọ́? Ìyáàlù ni wọ́n ń pè é, ọkùnrin ló ń gbé e kọ́ èjìká, a kò sì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn jà.

Ó wá ku Ifá. Bàbá àgbà wa ní Ìjurin dúró lórí nǹkan méjì: Ifá ní obìnrin kò gbọdọ̀ wo Odù, Ifá ti fi obìnrin sí ipò apẹ̀tẹ̀bí. A kò ní í bá a jiyàn nípa èèwọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé Ifá tí a mọ̀, gbogbo obìnrin ni èèwọ̀ Odù mú, a kò sì kọ èyí láti ní kí ẹnikẹ́ni kọjá rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ ni kí a mọ ìwọ̀n rẹ̀. William Bascom, nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1969, sọ nípa oríṣi babaláwo tó wà ní Ifẹ̀, ó sì fi hàn pé àwọn ẹlẹ́gán wà tí wọn kò ní Odù, síbẹ̀ babaláwo ni wọ́n ń jẹ́, wọ́n ń dífá, wọ́n ń rúbọ fún ènìyàn. Bí ọkùnrin tí kò ní Odù bá lè jẹ́ babaláwo, a kò lè fi èèwọ̀ Odù nìkan ti ìlẹ̀kùn ìyókù Ifá mọ́ obìnrin.

Ìtàn èèwọ̀ náà ńkọ́? Gbogbo awo tó ń kà wá mọ̀ ọ́n: Odù jẹ́ ìyàwó Ọ̀rúnmìlà, ó sì sọ fún un pé àwọn ìyàwó rẹ̀ yòókù kò gbọdọ̀ fojú kan òun. Orogún ni Odù bá wí. Ọ̀rọ̀ ìyàwó sí ìyàwó ni. Ibi tí orogún ti di gbogbo obìnrin, tí ó wá kan ọmọ tí Ọ̀rúnmìlà bí nínú ilé rẹ̀ pẹ̀lú, a ò rí i nínú ìtàn náà bí a ti gbọ́ ọ. Ó lè wà nínú ẹsẹ̀ mìíràn. Ẹ̀yin awo, bí ẹ bá ní in, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́, a ó tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹsẹ̀, kí ó má jẹ́ èrò.

Ọ̀ṣẹ́ Túrá ní tirẹ̀ já èrò ọ̀dọ́kùnrin wa. Níbẹ̀, àwọn irúnmọlẹ̀ ọkùnrin tó wá sáyé pa obìnrin kan ṣoṣo tó wà láàrin wọn tì, Ọ̀ṣun, nítorí pé obìnrin ni, gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé sì dàrú títí Olódùmarè fi ní kí wọ́n padà lọ bẹ̀ ẹ́. Bí kò bá sí ìyàtọ̀, kí ni wọ́n fi pa á tì? Ifá mọ̀ pé wọ́n lè torí ara kọ ènìyàn sílẹ̀. Ifá sì sọ ohun tó ti ìdí rẹ̀ yọ. Odù yìí kan náà ni àwọn kan fi ń sọ pé obìnrin ti wà nídìí awo láti ìbẹ̀rẹ̀, a sì gbà pẹ̀lú wọn.

Iṣẹ́ awo náà kò pín sọ́tọ̀ gedegbe bí a ṣe ń rò ó. Ẹ̀ẹ́rìndínlógún tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ti obìnrin, nítorí Ọ̀ṣun, ọkùnrin ni Bascom ti gbọ́ èyí tó pọ̀ jù tí a ní lónìí nínú ìwé: Ṣàlàkọ́, ará Ọ̀yọ́, tí a tẹ ohùn rẹ̀ jáde ní 1980. Kò sí ẹni tó bi Ṣàlàkọ́ léèrè ìdí tí ọkùnrin fi ń da owó ẹyọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ọwọ́ ìwé rẹ̀ kàwé, gbà nínú ìwé rẹ̀ ti 1997 pé a ń tẹ obìnrin nífá, ìyánífá sì ni orúkọ wọn. Ní Kúbà, ọ̀pọ̀ babaláwo kọ̀ jálẹ̀. Nígbà tí àwọn kan tẹ obìnrin ní Havana lẹ́yìn 2000, ìjà tó dé sílẹ̀ kò kéré, lẹ́tà sì ń lọ sókè sódò láàrin wọn àti ilẹ̀ wa níbí. A ò ní í ka gbogbo rẹ̀. Orúkọ ìyánífá fúnra rẹ̀ ń kọ wá lóminú díẹ̀. Ó sọ pé ìyá ni, kí ó tó sọ pé awo ni. Ṣé bí ó bá jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún tí kò tíì lọ́kọ, ìyá la ó máa pè é? Ṣùgbọ́n bàbá náà wà nínú babaláwo, ọmọdékùnrin tí kò tíì hu irùngbọ̀n sì ń jẹ́ ẹ. Ó dọ́gba, a kò ní ẹjọ́ níbẹ̀.

Ibi tí a ní ẹjọ́ wà nínú ìwé akọ̀wé. Apẹ̀tẹ̀bí, ìyàwó ni. Ìyàwó Ọ̀rúnmìlà ni, ìyàwó awo ni, ipò ńlá sì ni, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ifá púpọ̀ kò ní í dúró bí kò bá sí wọn. Ṣùgbọ́n ọmọdébìnrin tó ki Ìwòrì Méjì fún wa kì í ṣe ìyàwó nínú ilé yẹn. Wọ́n bí i síbẹ̀ ni. Àwọn ìyàwó bàbá rẹ̀ ń pè é ní ọkọ. Bí bàbá rẹ̀ bá jẹ́ ọba, òun ni wọ́n ì bá gbé agbádá wọ̀ lọ́la. Ẹni tó bá torí pé obìnrin ni kọ ọ́ sí apẹ̀tẹ̀bí ti fi ọmọ ilé jókòó sórí ẹní ìyàwó ilé, èyí tí kò sí agboolé Èkìtì kan tó máa gbà á. Bàbá àgbà rò pé àṣà ni òun ń dáàbò bò. Ọ̀dọ́kùnrin rò pé òun ń dá a padà. Kò sí ẹni tó bèèrè nínú wọn pé ọmọ ta ni.

A mú ọ̀rọ̀ yìí lọ síwájú ìgbìmọ̀. Àwọn kan ní kí a fi ìlà kẹta kún ìwé náà. Àwọn kan ní kí a pa méjèèjì rẹ́ kí ó di ọ̀kan. Àwa tí a kọ èyí ní kí a kọ ọ́ sí ìlà àwọn ọmọ awo, lábẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀, níbi tí a kọ àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin méjèèjì sí. Ìgbìmọ̀ kò tíì fẹnu kò. Ọmọdébìnrin náà ṣì ń wá sí ìpàdé, ó ti bẹ̀rẹ̀ Òdí Méjì.